Platelet tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀: bí mo ṣe ń bá ITP yí i

ITP (immune thrombocytopenia) ni àìsàn mi, ara èèyàn fúnra ẹ̀ ló ń pa platelet, nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ọjọ́ tí platelet mi kọ́kọ́ dé 61, mo ra sùyà lọ́nà ilé. Mo ní ó parí, ìyà tán. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ mo padà sí láàbù, wọ́n tẹ èsì jáde fún mi, 14. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta níbẹ̀, mo ń wo bébà yẹn, oògùn tí mò ń lò ò yí padà, oúnjẹ tí mò ń jẹ náà ni, mi ò ṣẹ ẹnì kankan, kí ló wá dé? Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, mo ti rí 4 rí, mo ti rí 312 rí, mo sì ti wá mọ̀ pé mo tètè yọ̀ lọ́jọ́ sùyà, mo tún tètè sunkún lọ́jọ́ bẹ́ǹṣì. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú nọ́ńbà tí ò fẹ́ dúró sójú kan, kó má baà di pé láàbù ló ń pàṣẹ bóyá ká jẹun lálẹ́ yẹn àbí ká gbààwẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà o, aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ohun tí àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ti là fún mi, tí mo sì ti fi ara mi kọ́, ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú, kó gbé e lọ bá dókítà tiẹ̀ kó tó yí ohunkóhun padà, torí ara ò rí bákan náà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: platelet ni àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sáré lọ dí ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá tí ọ̀bẹ bá gé wa. Tí ara bá le, ó máa ń wà láàárín 150 sí 450. Nínú ITP, àwọn sójà ara tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà ló gbéjà ko platelet, wọ́n á sàmì sí i lára, tó bá ti dé ọlọ inú báyìí wọ́n á gbé e mì. Platelet tó yẹ kó lo ọjọ́ 7 sí 10, tiwa lè má lò ju wákàtí díẹ̀ lọ, tàbí ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ fojú inú wo àmù tó jò. Mùdùnmúdùn inú egungun ń pọn omi sí i látòkè, ìdí àmù ń jò. Iye tí láàbù kọ sí bébà ni ibi tí omi wà ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí wọ́n yọjú wò ó. Tí ẹni tó ń pọnmi bá rẹ̀ díẹ̀, tàbí tí ojú ihò bá fẹ̀ sí i díẹ̀, omi á sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yí lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohun kan tí ò dáa.

Ẹ ẹ̀ wá rí i, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ohun tó ń pa platelet wà, dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Harrington ló fara ẹ̀ dán an wò ní 1950. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ITP sára, kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí platelet tiẹ̀ fi já wálẹ̀ pátápátá, àmì ẹ̀jẹ̀ bo ara ẹ̀, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó bọ̀ sípò. Oríkunkun bàbá! Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí mi ní ayé ló ń ṣe mí, ìtàn yìí ni mo sọ fún un, ó dákẹ́.

Bí ẹ ó ṣe ka èsì yẹn

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òdo. Láàbù kan á kọ 30, òmíràn á kọ 30,000, àwọn kan á tún kó 10 àti 9 kékeré kan sẹ́yìn 30 yẹn. Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Mo rí ìyá kan ní kíríníkì tó ń dúpẹ́ kíkankíkan pé ti ọmọ òun ti kúrò ní 28, ó ti di 26,000. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un, nọ́ọ̀sì ló bá mi sọ ọ́.

Bí dókítà mi ṣe là á fún mi nìyí. Tó bá lé ní 100, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Tó bá wà láàárín 50 sí 100, ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe àwọn, púpọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì lè ṣe fún èèyàn tó bá ti lé ní 50, ti ọpọlọ ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó tó 100. Láti 30 sí 50, ibi tí ẹ bá ti fara gbá á máa dúdú, á pẹ́ kó tó lọ. Tó bá wálẹ̀ ju 30 lọ ni wọ́n sábà máa ń ronú àtifún àgbàlagbà ní oògùn bí ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ yọ lára ẹ̀. Tó bá wá wálẹ̀ ju 10 lọ, ẹ má fi ṣeré rárá.

Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè ní 18, kí ọ̀kan máa ta ọjà ẹ̀ lọ ní Bódìjà láìsí nǹkan kan, kí èkejì máa tu ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu. Torí náà ara ni mo kọ́kọ́ ń bi léèrè kí n tó bi bébà. Láràárọ̀ tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi láti orúnkún wálẹ̀, bóyá àwọn àmì pupa tín-ín-tìn-ìn-tín ti yọ, bí ẹni pé wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ọ kiri. Wọn kì í yún èèyàn. Tí ẹ bá fi ìdí ife gíláàsì tẹ̀ ẹ́ tó bá ṣá, ara yíyún lásán tàbí ẹ̀fọn nìyẹn, tó bá dúró pupa rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo máa ń lajú ẹnu níwájú dígí. Tí mo bá rí ìléròrò tó dúdú tó kún fún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí lórí ahọ́n, mi ò ní dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò mọ́, ọsibítù ni, torí ti ẹnu yẹn wúwo ju ti ẹsẹ̀ lọ.

Láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò tó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ wọn yàtọ̀ síra, 24 níbí lè jẹ́ 31 lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀ ẹ́ wá máa rò pé ewé tí ẹ mu lánàá ti ń ṣiṣẹ́. Kúrò ní 24 bọ́ sí 29, kò sóhun tó yí padà níbẹ̀. Kúrò ní 70 bọ́ sí 30 lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn lọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì máa ń dì mọ́ra nínú ìgò onídèérí àwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń fà á sí, oògùn tó wà nínú ìgò yẹn ló ń mú kí platelet so mọ́ra wọn, ẹ̀rọ á wá ka ìdìpọ̀ kan bí ẹyọ kan, á bá gbé 12 jáde fún ẹni tó ní 140. Tí iye yín bá ṣàdédé já tí kò sì sí àmì kankan lára, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ awò-kékeré-di-ńlá wò ó, kí wọ́n sì tún un fà sínú ìgò onídèérí búlúù. Kẹ́ ẹ tó sunkún o.

Ìwé mẹ́sọ̀ mi

Èyí ló ràn mí lọ́wọ́ jù nínú gbogbo ẹ̀, kò sì náni ní nǹkan kan. Ìwé tí mo fi ń kọ mẹ́sọ̀ kọ́sítọ́mà, mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ibi tí mò ń kọ èjìká, àyà, ìbàdí sí, mo wá kọ ọjọ́, iye, oògùn, ẹ̀jẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ewé kan rí báyìí (prednisolone ni oògùn stẹ́rọ́ìdì tó ń pẹ̀tù sí àwọn sójà ara, mílígíráàmù ni nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀):

8/3. 47. Prednisolone 15. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ara dá.
22/3. 44. Prednisolone 10. Èrìgì ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
5/4. 19. Prednisolone 5. Àmì pupa lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Nǹkan oṣù lo ọjọ́ 9.
12/4. 52. Wọ́n dá a padà sí 20.

Nígbà tí mo kọ irú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá rí i pé gbogbo ìgbà tí prednisolone bá ti wálẹ̀ ju 10 lọ ni tèmi máa ń já. Mo gbé ìwé yẹn fún dókítà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìyá Aránṣọ, ẹ ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi. Ọjọ́ yẹn ló gbà pé ká kúrò lórí ẹ̀ ká bọ́ sórí òmíràn. Ká ní mo kàn dé ibẹ̀ tí mo ní "ó ń lọ sókè ó ń lọ sílẹ̀ sà" ni, ṣé ẹ rò pé ó máa mọ̀?

Ìwé yẹn náà ló tú àṣírí 14 ọjọ́ bẹ́ǹṣì. Mo padà lọ kọ àwọn ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i bí mo ṣe ń rántí, mo wá rí i pé ọjọ́ márùn-ún ṣáájú àyẹ̀wò yẹn, ibà ti dá mi dùbúlẹ̀. Mo ti gbàgbé pátápátá torí mo lo oògùn, mo dìde, mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àwọn tó ń fà á wálẹ̀

Ibà lolórí wọn níbí. Ibà lásán máa ń já platelet ẹni tí ò ní ITP rárá, ká má tíì wá sọ tiwa. Torí náà tí ara bá gbóná, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ibà, èyí tí wọ́n ń gún ìka fún yẹn ò léwu, ẹ kàn tẹ òwú mọ́ ọn dáadáa. Tí ibà bá wà níbẹ̀, oníhóró ni kí wọ́n fún yín, tí wọ́n bá sì fẹ́ fún yín ní quinine, ẹ yáa sọ fún wọn pé platelet yín ń wálẹ̀, torí quinine fúnra ẹ̀ wà lára oògùn tó lè pa platelet. Septrin náà wà níbẹ̀. Ẹ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo mọ̀ pé ooru ń mú, ẹ ṣáà sùn síbẹ̀.

Kátá, ọ̀fìnkìn, ikọ́, gbogbo àìsàn tó bá jí àwọn sójà ara dìde ló lè jẹ́ kí wọ́n tún rántí platelet. Ó sábà máa ń padà gòkè fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ọtí náà ń fà á wálẹ̀, àwọn tó ń mu àgbo jẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ẹ ẹ̀ lè sọ pé ẹ kì í mutí o.

Lẹ́yìn èyí ló kan oògùn ara yín. Èyí tó ṣe mí rèé. Wọ́n ti fi mí sórí eltrombopag nígbà yẹn, oògùn oníhóró tó ń jẹ́ kí mùdùnmúdùn inú egungun ṣe platelet sí i, mo ti dé 88, mo ń yan. Ni ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ooru mú mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògì tútù tí mo da mílíìkì sí gbé oògùn mì láàárọ̀, ó ń tù mí lọ́fun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 20. Kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àtifi kún oògùn. Nọ́ọ̀sì kan ló bi mí pé kí ni mo fi ń gbé e mì. Kínní yẹn ò fẹ́ mílíìkì rárá, kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ máa ń dì mọ́ oògùn náà nínú ikùn, kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀. Mílíìkì, wàrà, yúgọ́ọ̀tì, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, oògùn àyà títa, fítámì tó ní àwọn nǹkan bíi zinc, gbogbo wọn bákan náà ni: ẹ lo eltrombopag ní wákàtí méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó jẹ wọ́n, tàbí wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ wọ́n. Èmi máa ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ní aago mẹ́fà, oúnjẹ tí ò ní mílíìkì, mo wá ń lo oògùn ní aago mẹ́wàá kí n tó sùn. Látìgbà yẹn, ògì àti mílíìkì di tàárọ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà mọ́.

Oògùn yẹn kì í ṣe ti ìkánjú. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó fojú hàn, ẹ má lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kẹta kẹ́ ẹ wá pariwo. Ẹ má sì dá a dúró lójijì torí pé owó tán, mo mọ̀ pé ó wọ́n, ó wọ́n gan-an ni, àmọ́ tí ẹ bá dá a dúró iye yín lè já wálẹ̀ ju ibi tó wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i pé kò ní tó oṣù tó ń bọ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà kó wá nǹkan ṣe, kó sì máa wo platelet yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù kan. Wọ́n á tún máa yẹ ẹ̀dọ̀ yín wò pẹ̀lú.

Prednisolone ní tiẹ̀, àwọn tó ti lò ó mọ̀ ọ́n. Ebi bí ìyàn, ojú á wú bí ẹni tó jẹ ìyà oyin, oorun á fò lọ lóru. Ẹ máa lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ìyẹn ń dín àìsùn kù. Ẹ máa ṣàyẹ̀wò ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ẹ bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á wálẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó di oúnjẹ ọdún kan. Ìlànà àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2019 ní kó má ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ níbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi ń fà á wálẹ̀. Tó bá ti pẹ́ tí ẹ ti wà lórí ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn.

Ìbéèrè kan tí kì í tán: ṣé tó bá gòkè jù ńkọ́? Ó lè gòkè jù pẹ̀lú irú eltrombopag yìí. Ọjọ́ tí mo rí 312 mo fẹ́ jó, dókítà ò jó, ó dín oògùn mi kù. Tó bá lé ní 200 wọ́n á máa ronú àtidín in, tó bá lé ní 400 wọ́n á dá a dúró ná, torí ẹ̀jẹ̀ lè wá máa dì síbi tí kò yẹ. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, tàbí tí àyà ń dùn yín tí èémí ò délẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí iye bá wálẹ̀

Ẹ yé gba abẹ́rẹ́ ìdí. Mo fẹ́ kí èyí wọlé dáadáa. Ìgbà kan tí mo wà ní 22, ẹ̀yìn ń ro mí, mo yà sí kẹ́míìsì kan ládùúgbò, ọmọ yẹn gún mi ní diclofenac nídìí. Kó tó di alẹ́ ibẹ̀ ti le bí òkúta, ó dúdú láti ìdí dé ìdajì itan, mo fi tépù ìránṣọ wọn itan méjèèjì, ti ọ̀tún fi ínǹṣì méjì ju tòsì lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ inú ẹran ara, àti diclofenac fúnra ẹ̀. Diclofenac, ibuprofen, aspirin, gbogbo wọn máa ń sọ ìwọ̀nba platelet tó kù di ọ̀lẹ. Paracetamol ni tiwa. Ẹ máa wo ẹ̀yìn páálí oògùn ìrora dáadáa, àwọn kan máa ń po aspirin mọ́ nǹkan míì.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ibi tó dúdú ń tàn kálẹ̀ rọrùn, mo máa ń fi bírò fa ìlà yí i ká, mo kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá ré ìlà kọjá, mo ń lọ nìyẹn.

Orín gbígbẹ, ẹ gbé e tì ná, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Sísín gbẹ́rẹ́, lílu etí, fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, ẹ ṣáà sọ fún màmá pé dókítà ò gbà, ẹ má bá wọn jiyàn. Ọkùnrin tó ń fi abẹ fá irùngbọ̀n kó lo ẹ̀rọ. Ẹ yẹra fún ọ̀kadà, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Bọ́ọ̀lù gbígbá àti ìjà eré lọ́mọdé, kò sí lábẹ́ 50. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, tí iye mi bá ti wálẹ̀ ju 20 lọ, ọmọṣẹ́ mi ló ń fi ọwọ́ ran létí aṣọ, èmi ń gé, mo sì ń fi irin sórí ìka. Ẹ rí i pé ẹ ń rí ìgbẹ́ ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, omi, torí fífi agbára yàgbẹ́ ò dáa fún wa.

Tí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀: ẹ jókòó, ẹ tẹrí síwájú, ẹ má gbórí sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ń lọ. Ẹ fún ibi tó rọ̀ nímú pọ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 15 nípa aago, ẹ má ṣí i wò. Ṣíṣí i wò yẹn ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi ẹnu mí, ẹ tu èyí tó bá wá sẹ́nu. Píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, ẹ gbé e lé egungun imú. Tí ìṣẹ́jú 15 bá pé tó ṣì ń ṣàn, ẹ gba ọsibítù lọ pẹ̀lú ọwọ́ nímú.

Ti nǹkan oṣù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Fún ọ̀pọ̀ wa ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń bá lọ jù. Tó bá di pé ẹ̀ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí ó ń dì ní ṣíṣù, ẹ má wulẹ̀ máa fi aṣọ dúdú bò ó mọ́ra. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ tranexamic acid, kì í gbé platelet sókè, ó ń ṣèrànwọ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì má tètè tú, wọ́n sì tún ní èyí tó ń dá nǹkan oṣù dúró fúngbà díẹ̀. Dókítà ló máa mọ èyí tó bá yín mu. Ẹ ní kí wọ́n máa wo PCV yín (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára) àti irin inú ẹ̀jẹ̀ yín náà, torí ọ̀pọ̀ ìgbà tó ń rẹ̀ wá yẹn, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni.

Ìgbà tí kò sí pé ẹ jẹ́ n wò ó d'ọ̀la

Orí fífọ́ tó dé lójijì tí irú ẹ̀ ò ṣe yín rí, èébì pẹ̀lú ẹ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó kú tipiri, gìrì, ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ tó pọ́n, kéèyàn ṣubú kó forí gbálẹ̀ bí ibẹ̀ ò tiẹ̀ wú. Èyíkéyìí nínú wọn, lóru lọ́sàn-án, ọsibítù ńlá tó ní dókítà ẹ̀jẹ̀, irú UCH n'Ìbàdàn níbí, LUTH l'Ékòó, tàbí OAUTHC n'Ífẹ̀. Tí ọsibítù ìtòsí bá sún mọ́ yín jù, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé yín lọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ni "ITP ni mo ní, platelet mi wálẹ̀." Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín ní ohunkóhun.

Wọ́n lè fún yín ní IVIG, èròjà adáàbòbò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ń fà sínú iṣan, òun lè gbé e sókè láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin, kì í sábà pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀, torí náà tó bá já padà lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má sọ pé wọ́n jà yín lólè. Ẹbí á máa bèèrè pé kí wọ́n ṣáà fa platelet ẹlòmíì sí i lára. Wọ́n ń ṣe é tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, pẹ̀lú oògùn míì, àmọ́ lọ́jọ́ lásán àmù tó ń jò náà ni wọ́n ń da omi sí, àwọn sójà yẹn á pa tàlejò bí wọ́n ṣe ń pa onílé.

Ẹbí àti ewé

Màmá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mú omi ewé ìbẹ́pẹ wá, àwọn kan sì bá a gbè é lẹ́sẹ̀ pé ó gbé ti ẹnì kan sókè. Mo bi dókítà, ó ní kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró pé ó ń wo ITP, kí n má fi rọ́pò oògùn. Mo fi ọgbọ́n sọ fún Màmá, mo ní "Ẹ ṣeun Mà, ẹ jẹ́ ká dúró kí ẹ̀dọ̀ mi kọ́kọ́ gbádùn lábẹ́ oògùn yìí." Wọ́n gbà. Tí ẹ bá ti mu ewé kan, ẹ má tijú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ sọ ọ́ ní kíríníkì, torí tí ẹ̀dọ̀ bá yí padà wọ́n á máa wá ohun tó fà á kiri lásán.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, HIV, àti kòkòrò ọgbẹ́ inú wò fún yín, torí wọ́n lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ti B yẹn ṣe pàtàkì gan-an tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní rituximab, oògùn kan tó ń pa irú àwọn sójà ara kan, ó lè jí i dìde. Tó bá jẹ́ pé yíyọ ọlọ inú ni wọ́n ń sọ, wọ́n sábà máa ń ní ká dúró kó tó ọdún kan ná lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wọlé ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ibà sì máa ń mú ẹni tí ò ní in mọ́ gan-an.

Ẹni tó lóyún, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹ̀jẹ̀ àti ti aboyún jọ mọ ara wọn. Tí ọmọ bá dé, ẹ ní kí wọ́n yẹ platelet ọmọ wò kí ẹnikẹ́ni tó dábẹ́ fún un tàbí lu etí ẹ̀, tirẹ̀ náà lè wálẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ìsọmọlórúkọ ò ní sá lọ, abẹ dídá lè dúró.

Nínú pọ́ọ̀sì mi báyìí, káàdì kan wà tí mo fi páálí ṣe, mo fi ike lẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi, ITP, oògùn tí mò ń lò, irú ẹ̀jẹ̀ mi, "kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ìdí, kò gbọdọ̀ lo aspirin tàbí diclofenac", nọ́ńbà ọkọ mi. Ọmọṣẹ́ mi mọ ibi tó wà. Túsìdeé ni mo tún ń lọ fún àyẹ̀wò, mo ti kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, mo sì ti ṣèlérí fún kọ́sítọ́mà kan pé kó wá gba ìró àti bùbá ẹ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn, iye yòówù kí wọ́n kọ fún mi.